Afẹ́fẹ́ tó kọjá lára ilé tàbí òpó: ibo gan-an ni rúdurùdu ẹ̀yìn rẹ̀ ń parí sí?

Ọmọ_Ọ̀bá_Ilé
Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ń yí sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀bá-Ilé kó máa bá wa fa omi. Kí n má baà kó owó sómi, mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, èyí tó ní ife mẹ́ta tó ń yí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé alájà kan wà níhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wa, ibi tí afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, gíga rẹ̀ á tó mítà 8. Táǹkì omi tiwa náà tún wà lórí irin níbẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ní kí n jìnnà sí ilé yẹn ní ìlọ́po 10 gíga rẹ̀. Mítà 80! Púlọ́ọ̀tì kan ààbọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ wa. Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín mítà 80 yẹn? Tí mo bá sì dé mítà 81, ṣé afẹ́fẹ́ ti padà sípò nìyẹn?

Wẹ́dà_Arákálẹ̀
Mítà 80 kẹ̀? Àbùmọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kọjá lára ilé ti kọjá náà nìyẹn, o ò ṣáà ní lé e.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò yé mi. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ojú títì, tí mo bá sì ń jó irin lẹ́yìn ògiri, èéfín mi kì í bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀dọ̀ ògiri ló ń padà wá, á wá máa gun ògiri lọ sókè bíi pé ẹnì kan ń fà á. Ta ló lè ṣàlàyé ìyẹn?

Tísà_Àgbà
Wẹ́dà, èéfín rẹ yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ó sì ń ta ko ohun tí o sọ lókè.

Ilé, òpó, táǹkì, tírélà: kò sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fín díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹja nínú wọn. Afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọn yà, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ lé ẹ̀yìn wọn. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fara kan nǹkan náà ti rẹ̀, nítorí ara nǹkan náà ń há a. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbìyànjú láti pa dé lẹ́yìn, ìtẹ̀ rẹ̀ (ohun tí Òyìnbó ń pè ní pressure) ń ga sí i, ìpele tó ti rẹ̀ yìí ò wá ní agbára láti wọ inú ìtẹ̀ yẹn. Ló bá já kúrò lára. Ludwig Prandtl ará Jámánì ló la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé lọ́dún 1904. Ti ilé tiẹ̀ rọrùn jù: igun ògiri mú, orí igun yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń já.

Lẹ́yìn ibi tó ti já, àyè kan wà tí afẹ́fẹ́ ti ń yí padà sẹ́yìn. Inú àyè yẹn ni èéfín Wẹ́dà wà. Fún ilé tí ìbú rẹ̀ ò ju gíga rẹ̀ lọ púpọ̀, àyè náà kì í sábà kọjá ìlọ́po méjì gíga ilé. Àyè ti ilé tó bá fẹ̀ máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀. Tí ó bá kọjá ibẹ̀, ọ̀nà tó tọ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà, àmọ́ eré rẹ̀ ti dín, ààjà kéékèèké sì kún inú rẹ̀. Apá tó gùn yìí ni èmi á máa pè ní ipa ẹ̀yìn.

Ìlọ́po 10 tí wọ́n sọ fún ọ kì í ṣe irọ́. Ohun tí àjọ WMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, ń béèrè nìyẹn: kí ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ wà ní gíga mítà 10 lórí ilẹ̀ gbalasa, kí ó sì jìnnà sí ohunkóhun tó lè dí i, ó kéré tán ní ìlọ́po 10 gíga ohun náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé ibẹ̀ ni ipa ẹ̀yìn ti parí. Ibi tí ìyókù rẹ̀ ti ṣeé fara dà ni. Mítà 79 àti mítà 81, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọmọ_Ọ̀bá_Ilé
Ẹ ṣeun sà. Kí ló dé tí kò ní ààlà? Mo rò pé àwọn ààjà yẹn á ti yí tán, afẹ́fẹ́ á wá máa lọ gbọọrọ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Tísà_Àgbà
Wò ó bíi gbèsè ẹgbẹ́. Bí òpó ṣe dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó gbà lára ipá ìrìn rẹ̀. Iye tó gbà yẹn náà ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti òpó. Lẹ́yìn òpó, kò sí ẹni tó máa dá ohun tó gbà padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ààjà tó wà létí ipa ẹ̀yìn ń fa afẹ́fẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń pín gbèsè náà, tẹnì kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i, ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ kò yingin. Ìdí tí kò fi lè parí lójijì nìyẹn: ó ń fẹ̀, ó sì ń fúyẹ́.

Ohun tó ń mú un fẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti ti ìta. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ náà ń falẹ̀. Nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń yá, ìparí a sì máa fà gan-an.

Ìrísí nǹkan náà tún wà ńbẹ̀. Òpó gígùn, bíi páìpù irin tó gbé táǹkì rẹ dúró, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì nìkan ló lè pín gbèsè sí. Tí o bá jìnnà sí i ní ìlọ́po 4 sí ibi tí o wà tẹ́lẹ̀, ipa ẹ̀yìn á fẹ̀ ní ìlọ́po 2, àìtó eré á sì di ìdajì. Táǹkì fúnra rẹ̀ kúrú, ó ń pín in sí ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Fún irú ìyẹn, ó dìgbà tí o bá jìnnà ní ìlọ́po 8 kí ó tó fẹ̀ ní ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n àìtó eré ti wá sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibí yìí máa ń dojú rú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́: èyí tí kò tètè fẹ̀ ló ń tètè kú. Fífẹ̀ ìlọ́po 2 lọ́nà méjì, ìlọ́po 4 ni àpapọ̀ àyè rẹ̀, ìyẹn ló fà á.

Tí o bá fẹ́ iye: òpó róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, nínú afẹ́fẹ́ tó ń lọ gbọọrọ. Tí a bá dé ìlọ́po 100 ìbú rẹ̀, ìyẹn mítà 10, eré tó wà ní àárín gbùngbùn ipa ẹ̀yìn ṣì dín tó nǹkan bí ìdá 11 nínú 100. Ní mítà 40, ó ṣì dín tó nǹkan bí ìdá 5 ààbọ̀. Òpó tí ọmọdé lè fọwọ́ kan gbá mú o! Afẹ́fẹ́ ìta gbangba ní rúdurùdu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí sì máa ń tètè pò ó pọ̀ ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí lọ.

Wẹ́dà_Arákálẹ̀
Ìdá 5 nínú 100, kí nìyẹn já mọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Bọ̀dá Wẹ́dà, fún ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, ó já mọ́ nǹkan. Agbára tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé eré rẹ̀ ní ìlọ́po lọ́nà mẹ́ta. Eré dín ní ìdá 11, agbára dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Ẹ mú kaṣukúlétọ̀, ẹ fi 0.89 lu ara rẹ̀, kí ẹ tún fi lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńláńlá sínú òkun fi ń jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. Ní Horns Rev, ní ojú òkun Denmark, ẹ̀rọ 80 ló wà ní apá àkọ́kọ́, àárín ọ̀kan sí èkejì sì jẹ́ ìlọ́po 7 ìbú ohun tó ń yí lórí wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2008, wọ́n ya fọ́tò ibẹ̀ nígbà tí kùrukùru ń dìde: ipa ẹ̀yìn funfun lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ̀ lọ títí ó fi bo èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ wá a lórí Google, ẹ máa gbádùn rẹ̀.

Ọ̀kadà_Ọ̀nà_Oǹdó
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tiwa. Tí tírélà bá fẹ́ ya wá sílẹ̀ lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ó kọ́kọ́ máa ń tì wá sígbó, lẹ́yìn náà á fà wá mọ́ra, tó bá wá kọjá tán, ọ̀kadà á máa gbọ̀n bíi pé táyà ti jò. Ti ìkẹyìn yẹn ni mo bẹ̀rù jù, torí kò sóhun tí o rí lójú mọ́, síbẹ̀ ìdarí ń yí lọ́wọ́ ẹni.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe tò ó yẹn ló rí gẹ́lẹ́. Iwájú tírélà ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìtẹ̀ ga níbẹ̀, ìyẹn ló ń tì yín. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń sáré gba àárín yín kọjá, ìtẹ̀ wálẹ̀, ó wá fà yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ipa ẹ̀yìn: afẹ́fẹ́ tó ń bá tírélà lọ, tí àwọn ààjà ńlá wà nínú rẹ̀, tí ìbú wọn súnmọ́ ìbú tírélà fúnra rẹ̀. Ààjà kan á gbá yín sọ́tùn-ún, èkejì sósì, kẹ́ ẹ tó mú ara yín dúró. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó lè gbé ipa ẹ̀yìn yẹn wá sórí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì.

Ọ̀kadà_Ọ̀nà_Oǹdó
Àwọn ọmọ wa kan máa ń há mọ́ ìdí tírélà kí epo má baà tètè tán.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Epo á dín kù lóòótọ́. Bíréèkì tírélà ò ní sọ fún wọn kó tó mú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ Tísà, torí wọ́n fo ibi tó dùn jù. Àwọn ààjà tó ń já lẹ́yìn òpó róbótó kì í já bó ṣe wù wọ́n. Nọ́ḿbà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Osborne Reynolds pè: ẹ fi eré lu ìbú, kí ẹ fi bí afẹ́fẹ́ tàbí omi náà ṣe ki tó pín in. Tí nọ́ḿbà yìí ò bá tó nǹkan bí 47, ààjà méjì á jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́yìn òpó. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, wọ́n á tò lọ ní ẹsẹ méjì. Theodore von Kármán ló ṣe ìṣírò ìdí tí títò yẹn fi ń dúró, ní nǹkan bí ọdún 1911.

Vincenc Strouhal ti wọn dídún wáyà nínú afẹ́fẹ́ ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1878. Ẹ fi 0.2 lu eré, kí ẹ fi ìbú pín in, ẹ ó rí iye ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà iná tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, afẹ́fẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ìgbà 100. Etí ń gbọ́ ọ, òun ni wáyà tó ń hùn lóru tí kò síná. Páìpù sẹ̀ǹtímítà 10: ìgbà 10, etí ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọwọ́ kan irin náà, ó lè máa gbọ̀n.

Ti táǹkì fúnra rẹ̀ le díẹ̀. Tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mítà 1.2, nínú afẹ́fẹ́ mítà 5 yẹn náà, nọ́ḿbà Reynolds ti súnmọ́ 400,000. Nítòsí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà: ìpele tó fara kan táǹkì fúnra rẹ̀ á di rúdurùdu, á wá rí agbára láti lẹ̀ mọ́ ara táǹkì dé ẹ̀yìn díẹ̀ kó tó já. Ipa ẹ̀yìn á sún, ìfàsẹ́yìn, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti nǹkan tó, á já wálẹ̀ láti nǹkan bí 1.2 sí nǹkan bí 0.3. Gustave Eiffel, ẹni tó kọ́ ilé ìṣọ́ Paris yẹn, rí irú rẹ̀ lára bọ́ọ̀lù lọ́dún 1912. Prandtl wá fi wáyà tínínrín yí bọ́ọ̀lù ká lọ́dún 1914, ìfàsẹ́yìn já wálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ihò kéékèèké ara bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Afárá_Àlà
Títò ààjà yìí náà ló wó afárá Tacoma ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1940. Ààjà ń já ní ìwọ̀n kan náà tí afárá fi ń mì, ó bá ṣubú. Inú gbogbo ìwé físíìsì ló wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Inú ọ̀pọ̀ ìwé ló wà, ṣùgbọ́n kò bá ìṣírò mu. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 68 ní wákàtí kan. Ní eré yẹn, ààjà á máa já ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Afárá náà ní tirẹ̀ ń lọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Wọn ò bára mu rárá. Billah àti Scanlan kọ ọ́ dáadáa lọ́dún 1991: bí afárá ṣe ń lọ́ lòun fúnra rẹ̀ ń dá agbára tó túbọ̀ ń lọ́ ọ sílẹ̀. Títò ààjà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò, àmọ́ kì í ṣe ti Tacoma. Ẹ wo ṣímínì irin gígùn. Òun ló ń mì nítorí títò ààjà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó irin pẹlẹbẹ mẹ́ta yí orí rẹ̀ ká bí ejò. Scruton àti Walshe ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1957. Irin yẹn kì í jẹ́ kí ààjà já lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Tísà_Àgbà
Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ipa ẹ̀yìn lè ṣe sí ilé, Ferrybridge ni kó kà nípa rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1965, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kọnkéré gàgàrà 8 tí wọ́n fi ń tu omi ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà 114. Ìjì jà, 3 wó. Ìlà ẹ̀yìn ni àwọn tó wó wà, kì í ṣe iwájú níbi tí ìjì ti ń bọ̀. Àwọn tó wà níwájú ń da afẹ́fẹ́ rú lù wọ́n. Àìṣírò afẹ́fẹ́ tó ń le lójijì dáadáa náà kún un.

Afárá_Àlà
Ó dáa. Omi Àlà ńkọ́? Lásìkò òjò, omi máa ń yí lẹ́yìn òpó afárá, yanrìn ìdí òpó sì ń lọ. Ṣé ipa ẹ̀yìn ló ń wa á?

Tísà_Àgbà
Iwájú òpó ni wíwa yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi tó kọlu òpó máa ń rọ́ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, á yí po, á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpó kọjá bíi irin ẹsẹ̀ ẹṣin. Òun ló ń hú yanrìn. Ààjà ẹ̀yìn ń gbé èyí tí ó hú lọ. Ẹnjiníà tó bá wo ẹ̀yìn nìkan, ibi tí kò tọ́ ló ń da òkúta sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tèmi. Wọ́n kọ́ wa pé tí a bá ti jìnnà tó, ipa ẹ̀yìn á gbàgbé ohun tó bí i. Bóyá òpó ni o, pákó ni o, nẹ́ẹ̀tì ni o, tí ìfàsẹ́yìn bá ti dọ́gba, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé ẹ gbà?

Tísà_Àgbà
N ò gbà á tán. Wygnanski, Champagne àti Marasli dán an wò lọ́dún 1986. Wọ́n kó oríṣiríṣi nǹkan sójú afẹ́fẹ́, òpó róbótó, pákó, nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí i dájú pé ìfàsẹ́yìn wọn dọ́gba. Àwòrán bí eré ṣe dín láti etí dé àárín jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yára fẹ̀ tó kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni agbára rúdurùdu inú wọn. William George wá gbé àlàyé kalẹ̀ lọ́dún 1989 pé ìbẹ̀rẹ̀ ń bá ipa ẹ̀yìn rìn jìnnà ju bí àwọn àgbà ṣe rò lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA
Ṣùgbọ́n ìlọ́po 4 tó ń di ìlọ́po 2 yẹn dúró síbẹ̀ fún gbogbo wọn. Iye ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Tísà_Àgbà
Iye ìbẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni ẹni tó ń kọ́lé máa san owó rẹ̀, ọmọ mi.

Ọmọ_Ọ̀bá_Ilé
Ẹ gbà mí o, kí wá ni kí n ṣe? Mi ò ní mítà 80.

Tísà_Àgbà
Tí o kò bá lè jìnnà, lọ sókè. Òdiwọ̀n tí àwọn tó ń ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kéékèèké ń lò ni pé rúdurùdu ilé ń ga dé ìlọ́po 2 gíga ilé, ó sì ń lọ sẹ́yìn tó ìlọ́po 20. Fún mítà 8, ó túmọ̀ sí pé kí orí ẹ̀rọ rẹ kọjá mítà 16. Irin tó ga tó bẹ́ẹ̀ lówó lórí. Wọn afẹ́fẹ́ lásìkò òjò àti lásìkò ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, ilé yẹn ò ní sí lójú ọ̀nà rẹ̀ nígbà náà. Tí o bá fẹ́ ìmọ̀ràn mi gan-an, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kì í sábà le tí kì í bá ṣe ìjì. Sólà ni èmi á fi fa omi náà.

Ìyá_Adìẹ_Ìjú
Ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ń sin adìẹ ní Ìjú. Ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ mọ bíríkì gbọọrọ síwájú ilé adìẹ kí òtútù má baà wọlé. Ọmọ mi ní kí n má mọ ọ́n, ó ní nẹ́ẹ̀tì ló dáa. Ògiri ò dí afẹ́fẹ́ ju nẹ́ẹ̀tì lọ ni?

Tísà_Àgbà
Màmá, ọmọ yín mọ ohun tó ń sọ. Ògiri tí kò níhò ń dí afẹ́fẹ́ pátápátá ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èyí tó gba orí rẹ̀ kọjá máa ń yí padà wálẹ̀ pẹ̀lú ààjà líle. Ẹ rántí èéfín Wẹ́dà. Orí páànù yín ni ààjà yẹn lè bọ́ sí. Ọgbà tó níhò, bíi kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣí, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba inú rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ìyípadà ńlá ṣẹlẹ̀, ààbò rẹ̀ á sì lọ jìnnà, ó lè tó ìlọ́po 10 sí 15 gíga ọgbà.

Ìyá_Adìẹ_Ìjú
Ọ̀pẹ àti igi tí mo ti gbìn ńkọ́?

Wẹ́dà_Arákálẹ̀
Màmá, tí ẹ bá fẹ́ irin tí ẹ ó na nẹ́ẹ̀tì mọ́, mo wà ní Arákálẹ̀ o.

Tísà_Àgbà
Igi dáa, àmọ́ ẹ wo ìdí wọn. Tí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ dànù, afẹ́fẹ́ á máa sáré gba abẹ́ wọn kọjá, á le ju ti ìta lọ níbẹ̀. Ẹ gbin nǹkan kúkurú sí abẹ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọgbà náà ṣe régí pẹ̀lú ilé adìẹ. Kí ó gùn kọjá ilé ní ọ̀tún àti ní òsì, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá rí etí ọgbà máa ń sáré yà gba ibẹ̀ wọlé.